Pípín háàdì dísìkì fún ètò ìṣiṣẹ́ méjì

Pípín háàdì dísìkì ni iṣẹ́ pípín ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kọ̀ǹpútà yóò sì máa wo ìpín kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó dá dúró. Orí iṣẹ́ yìí ni fífi ètò ìṣiṣẹ́ méjì, bíi Windows àti Linux, sínú láptọ́ọ̀pù kan dúró lé. Ètò ìṣiṣẹ́ ni ètò àgbà tó ń darí gbogbo ara kọ̀ǹpútà, tó sì ń gba àwọn ètò yòókù láyè láti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tan láptọ́ọ̀pù tó ní méjì, yóò béèrè èwo nínú méjèèjì ni kí òun jí. Ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sínú èkejì yóò pa láptọ́ọ̀pù náà, yóò sì tún un tàn.

Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe kékeré nínú rẹ̀ lè pa gbogbo fáìlì ẹni rẹ́. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju pípín náà fúnra rẹ̀ lọ.

Àlàyé

Háàdì dísìkì dà bí ilẹ̀ ẹbí kan. Bí àwọn ọmọ bá pín in, ilẹ̀ náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Ààlà ni wọ́n fi sí i. Nínú oko, pèrègún tí wọ́n gbìn ló ń fi ààlà hàn. Nínú háàdì dísìkì, àkọsílẹ̀ kékeré kan tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àkọsílẹ̀ náà ni àtẹ ìpín. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, àti irú ìpín tó jẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ààlà sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò inú ìpín kọ̀ọ̀kan kí fáìlì tó lè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí fáìlì ń gbà jókòó yàtọ̀ láti ètò ìṣiṣẹ́ kan sí òmíràn. Windows ń lo NTFS. Ọ̀pọ̀ Linux ń lo ext4, tó ti wà fún lílò gbogbo ènìyàn láti ọdún 2008. Méjèèjì ló lè ka FAT32, ṣùgbọ́n FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó bá tó gígábáìtì (GB) 4. Windows kì í ka ext4 fúnra rẹ̀, nígbà tí Linux lè ka NTFS, tó sì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló máa ń pinnu ibi tó yẹ kí ènìyàn kó àwọn ìwé àti àwòrán rẹ̀ sí.

Ìtàn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó gbilẹ̀ láti fi pín dísìkì kọ̀ǹpútà IBM PC àti àwọn tó jọ ọ́ ni MBR, tó jáde pẹ̀lú PC DOS 2.0 ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ní àkókò yẹn, háàdì dísìkì tí wọ́n ń tà pẹ̀lú IBM PC XT kò ju mẹ́gábáìtì 10 lọ. Bí dísìkì ṣe ń tóbi sí i, MBR kò tó mọ́. Ilé iṣẹ́ Intel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí EFI ní àwọn ọdún 1990, àjọ UEFI Forum sì gba iṣẹ́ náà ní ọdún 2005. Inú ìlànà yìí ni àtẹ ìpín tuntun tí wọ́n ń pè ní GPT ti wá.

Linux bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lọ́wọ́ Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux tó gbajúmọ̀ jù lọ, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Canonical tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ètò ìṣiṣẹ́ tó yẹ kó wà nínú kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ ti di àríyànjiyàn ní Nàìjíríà rí. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti ra nǹkan bí 17,000 láptọ́ọ̀pù kékeré Classmate PC, èyí tí Intel ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Mandriva Linux nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ yọ Linux náà kúrò kí wọ́n sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ìjà náà jẹ́ lórí ètò wo ni yóò gba gbogbo dísìkì. Pípín dísìkì jẹ́ ọ̀nà kẹta: méjèèjì lè jọ máa gbé inú ilé kan.

MBR àti GPT

Nínú MBR, àtẹ ìpín wà nínú báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì. Báìtì 64 péré ni àyè tí àtẹ náà ní, nítorí náà kò lè gba ju ìpín gidi 4 lọ. Bákan náà, kò lè ṣètò dísìkì tó bá ju nǹkan bí térábáìtì 2.2 lọ. Bí àtẹ kan ṣoṣo yìí bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ibi tí ìpín kankan wà mọ́.

GPT yanjú ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sábà máa ń ní àyè fún ìpín 128, ó lè ṣètò dísìkì tó tóbi gan-an, ó sì ń fi ẹ̀dà àtẹ ìpín pamọ́ sí òpin dísìkì. Bí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n lè fi ti òpin tún un ṣe.

Ẹni tó fẹ́ fi ètò ìṣiṣẹ́ méjì sínú láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí dísìkì rẹ̀ ń lò. Bí Windows bá jí ní ọ̀nà UEFI lórí GPT, Linux náà gbọ́dọ̀ wọlé ní ọ̀nà UEFI. Bí ọ̀kan bá wọlé ní ọ̀nà àtijọ́ tí èkejì sì wọlé ní ọ̀nà tuntun, àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní lè fi méjèèjì hàn papọ̀.

Àwọn ìpín tó wọ́pọ̀

Láptọ́ọ̀pù tó ní Windows lórí GPT sábà máa ń ní àwọn ìpín wọ̀nyí kí Linux tó dé:

ESP: ìpín kékeré tó wà ní FAT32. Inú rẹ̀ ni àwọn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà wà. Windows sábà máa ń fún un ní mẹ́gábáìtì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́ méjèèjì ni yóò jọ máa lo ìpín yìí, a kò sì gbọdọ̀ nù ún.

MSR: mẹ́gábáìtì 16 tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Kò sí fáìlì nínú rẹ̀.

Ìpín C: ibi tí Windows fúnra rẹ̀ àti àwọn fáìlì oníláptọ́ọ̀pù wà.

Ìpín àtúnṣe: ibi tí Windows kó irinṣẹ́ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe sí.

Linux ní tirẹ̀ nílò ìpín gbòǹgbò, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ /, fún ètò ìṣiṣẹ́ náà. Ó dára kí /home, ibi tí fáìlì ẹni ń gbé, ní ìpín tirẹ̀, kí ó má bàa sí ewu fún fáìlì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún Linux fi sí i. Swap ni àyè tí Linux ń lò bí ìrántí kọ̀ǹpútà bá kún. Ubuntu ti ń fi fáìlì lásán ṣe swap láti ọdún 2017, nítorí náà kì í ṣe dandan kí ó ní ìpín tirẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ìpamọ́. Gbogbo fáìlì tí ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù kò fẹ́ pàdánù gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lórí ìpín mìíràn nínú dísìkì kan náà kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí ohun tó bá ṣe ọ̀kan lè ṣe èkejì.

Ohun kejì ni iná. Nígbà tí wọ́n bá ń fún ìpín mọ́ kékeré tàbí tí wọ́n ń sún un, kọ̀ǹpútà ń kó àwọn fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, àwọn fáìlì tó wà lójú ọ̀nà lè bàjẹ́. Bátìrì ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ti rẹ̀, kò lè gbé iṣẹ́ náà dé òpin. Ní ibi tí iná kò ti dúró déédéé, ó yẹ kí láptọ́ọ̀pù wà lórí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ní epo tó pọ̀ tó, kí bátìrì sì kún.

Ohun kẹta ni ìlera dísìkì. Iṣẹ́ ńlá ni sísún fáìlì jẹ́ fún dísìkì tó ti gbó. Ètò bíi CrystalDiskInfo lè ka ìròyìn tí dísìkì ń kọ nípa ara rẹ̀. Bí ìròyìn náà bá fi hàn pé dísìkì ti ń kú lọ, ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kẹrin ni BitLocker, èyí tó ń ti fáìlì inú Windows pa. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun ni ó máa ń wà ní títì láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ọ̀nà ìjí kọ̀ǹpútà bá yí padà, Windows lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 48. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ kò ní lè wọlé mọ́. Ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dá BitLocker dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan dísìkì.

Ohun karùn-ún ni Fast Startup, tó ti wà láti Windows 8. Ó ń jẹ́ kí Windows sùn díẹ̀ dípò kí ó kú pátápátá, ìpín C yóò sì wà bí ilé tí onílé kò tíì tì. Bí Linux bá kọ nǹkan sínú irú ìpín bẹ́ẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń pa á.

Ìgbésẹ̀

Windows ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wà, kí Linux tẹ̀ lé e, nítorí Linux máa ń ṣe àkójọ tó ní Windows nínú, ṣùgbọ́n Windows kì í ka Linux mọ́ ọn.

Irinṣẹ́ tó dára jù fún fífún ìpín Windows mọ́ ni ti Windows fúnra rẹ̀. Nínú Disk Management, oníṣẹ́ yóò tẹ ìpín C, yóò yan Shrink Volume, yóò sì kọ iye àyè tó fẹ́ gbà. Windows lè sọ pé àyè tí òun lè yọ̀ǹda kò tó bí ó ti yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè òfìfo pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn fáìlì kan jókòó sí àárín ìpín tí kò ṣeé sún, bíi fáìlì ìrántí àfikún àti fáìlì ìsùn. Bí wọ́n bá pa àwọn méjì yìí fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà tàn, àyè sábà máa ń pọ̀ sí i. Àyè tí wọ́n bá gbà yẹ kó wà láìní ìpín. Linux ni yóò ṣètò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò gba ẹ̀dà Linux láti íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Ubuntu ju GB 5 lọ, nítorí náà ó gba dátà púpọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì jọ lò ó. Ètò bíi Rufus yóò gbé e sórí fíláàṣì, yóò sì pa gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì náà rẹ́. Bí wọ́n bá tan láptọ́ọ̀pù, F12 ló sábà máa ń ṣí àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ lórí Dell àti Lenovo, F9 sì ni lórí HP.

Linux lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì. Àǹfààní ni èyí láti wò bóyá Wi-Fi, ohùn àti bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́. Bí Linux kò bá rí dísìkì rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi dísìkì sí ipò Intel RST nínú ètò ìpìlẹ̀ láptọ́ọ̀pù. Ipò AHCI ni Linux ń fẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ yí i padà láìkọ́kọ́ múra Windows sílẹ̀ fún ìyípadà náà, nítorí Windows lè kọ̀ láti jí.

Nígbà tí ètò ìfisí bá béèrè, yíyàn tó ní gbólóhùn pé kí Linux wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows ló rọrùn. Yíyàn tó sọ pé kí ó nu gbogbo dísìkì ni yóò pa Windows àti gbogbo fáìlì rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pín in yóò ṣe ìpín tuntun nínú àyè òfìfo nìkan, yóò sì lo ESP tó ti wà láìnù ún.

Àpẹẹrẹ lórí dísìkì GB 500

Dísìkì tí wọ́n kọ GB 500 sí lára máa ń hàn bí nǹkan bí 465 nínú Windows. Kò sí ẹni tó jí ìyókù gbé: ẹni tó ṣe dísìkì ń ka bílíọ̀nù báìtì kan ní GB 1, Windows sì ń ka báìtì 1,073,741,824. Pẹ̀lú ìwọ̀n ti Windows, àkẹ́kọ̀ọ́ lè pín in báyìí:

ESP: 0.5
Ìpín àtúnṣe: 1
Windows: 180
Gbòǹgbò Linux: 50
Swap: 8
/home: 75
Ìpín àjọlò ní NTFS: 150

Ìpín àjọlò ni ibi tí ìwé, àwòrán àti fídíò tí ètò méjèèjì ń lò yóò wà. Lórí dísìkì kékeré ti GB 128, tó ń hàn bí 119, kò sí àyè fún irú ìpín yìí. Windows 11 ń béèrè fún ó kéré tán GB 64, Ubuntu sì ń béèrè fún 25. Nǹkan bí 30 ló kù fún fáìlì àti ètò mìíràn.

Ìṣòro tó máa ń yọjú

Aago. Linux ń ka aago inú láptọ́ọ̀pù sí àkókò àgbáyé UTC, Windows sì ń kà á sí àkókò ilẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù wà. Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá lo Linux, aago Windows lè fi wákàtí 1 sẹ́yìn. Àṣẹ timedatectl set-local-rtc 1 nínú Linux lè yanjú rẹ̀.

Àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ tó sọnù. Àtúnṣe Windows lè gbé ara rẹ̀ sí iwájú, kí Linux má hàn mọ́. Linux kò parẹ́. Nínú ètò ìpìlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, wọ́n lè dá a padà sí ipò àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe ààbò kan láti Microsoft dí àwọn ètò ìjí Linux tó ti pẹ́ lọ́wọ́ lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tó ní ètò méjì. Ẹni tó bá ń lo ètò méjì yẹ kí ó máa ṣe àtúnṣe sí méjèèjì déédéé.

Ìpín tí wọ́n ṣèèṣì pa. Bí ìpín bá parẹ́, àkọsílẹ̀ ààlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ; fáìlì inú rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sí dísìkì náà mọ́, kí wọ́n sì lo ètò bíi TestDisk láti orí fíláàṣì.

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ní ẹkùn Àgbádárìgì

Lójú òpópónà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà jọ ń gbé pọ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì títí di ọdún 2022, wà ní Ọ̀tọ́-Ìjànikin. ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wà ní Tòpó ní Àgbádárìgì. Ọ̀jọ́ yìí kan náà ni ọjà Alábà wà, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹ̀rọ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí kọ̀ǹtéénà 500 ló ń wọlé lóṣù, wọ́n sì dárúkọ Alábà àti Computer Village ní Ìkẹjà lára àwọn ọjà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò. Wọ́n gba àwọn háàdì dísìkì kan ní Èkó, wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé pípa ìpín rẹ́ àti nínu rẹ̀ wéréwéré kì í pa dátà rẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo dísìkì. Fún SSD, àṣẹ ìnùpátápátá tí ẹni tó ṣe é pèsè ló dára jù. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ààbò ọ̀rọ̀ ẹni sí ẹ̀tọ́. Ẹni tó ra tòkúnbọ̀ náà yẹ kí ó nu gbogbo dísìkì kí ó tó fi ètò kankan sí i, nítorí kò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ tún kan ọjọ́ orí Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Windows 11 ń béèrè fún ẹ̀rọ ààbò TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní. Fún irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, fífi Linux sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows 10 ń jẹ́ kí ẹni tó ni ín ní ètò tó ṣì ń gba àtúnṣe ààbò fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí Windows yóò wà fún ètò tí kò ṣiṣẹ́ lórí Linux. Linux tún ní ètò bọ́tìnnì fún Yorùbá, Igbo àti Hausa lábẹ́ Nàìjíríà, èyí tó ń jẹ́ kí àmì ohùn rọrùn láti kọ.

Ọ̀nà mìíràn

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó nílò Linux ló gbọ́dọ̀ pín dísìkì. VirtualBox lè fi Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows bí ètò lásán, bí ìrántí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ tó. WSL, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2016, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àṣẹ Linux nínú Windows. Linux sì lè máa ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì tàbí orí dísìkì àfikún, kí dísìkì inú láptọ́ọ̀pù má sì yí padà rárá. Fún ẹni tí kò ní ẹ̀dà ìpamọ́, tí iná rẹ̀ kò sì dúró, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ló ní ewu tó kéré jù.